Dígí Oòrùn Orí Ilé Ìdáná

Wọn ò tíì lọ. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mo fi ojú kan wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ fèrèsé, mo sì tún fà sẹ́yìn kíá, bí ẹni pé aṣọ náà fẹ́ jó mi lọ́wọ́. Àwọn méjì. Èyí tó ga nínú wọn wọ ṣòkòtò kákí. Kákí! Kí ni ẹni tí kì í ṣe sọ́jà, tí kì í ṣe ọlọ́pàá, ń fi kákí ṣe ní àdúgbò wa lójú ọ̀sán gangan? Àbí ọdẹ ni? Ọdẹ kì í dúró wo òrùlé. Ẹran ìgbẹ́ kì í gbé orí páànù. Ojú ara mi ni mo fi rí i, kì í ṣe pé ẹnì kan sọ ọ́ fún mi — ó gbójú sókè, ó nàka sí ẹ̀yìn ilé wa, sí orí ilé ìdáná, sí... Ó ti rí i. Wọ́n ti rí i.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin onílé!" Bí wọ́n ṣe kí nìyẹn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Mo gbá ọmọ mọ́ra, mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ — ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná bí ààrò, mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀! Olúwa, ẹ foríjì mí. Èkejì ní, "Ó jọ pé kò sẹ́ni nílé." Oníkákí ní, "Wọ́n wà ńlé. Ṣé o ò gbọ́ fáànù ni?"

Ṣé o ò gbọ́ fáànù ni.

Fáànù ló tú wa fó. Fáànù kékeré tí Bàbá Ìní yọ lára mọ́tò akẹ́rù kan tó ti kú, tó so mọ́ wáyà, tó gbé ka orí àpótí níbi orí ọmọ. Ariwo rẹ̀ ò ju ti yánmùyánmú lọ. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí NẸ́PÀ ti mú iná lọ títí tí àwọn ọmọdé ò fi rántí pé ó yẹ kí àwọn hó yèè nígbà tó bá dé, ta ni kò ní gbọ́ yánmùyánmú onírin? Kí n pa á. Kí n fa wáyà rẹ̀ yọ, kí ilé dákẹ́, kí wọ́n rò pé àṣìgbọ́ ni. Mo na ọwọ́. Ìníolúwa ń mí — ó ń mí bí ẹni tó ru igi gun òkè — irun iwájú orí rẹ̀ ń mì lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn yẹn, mo sì ká ọwọ́ mi kò. Rárá o. Kí wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n jálẹ̀kùn. Ọmọ mi á rí atẹ́gùn.

Bí wọ́n bá wá mú mi lọ ńkọ́? Ta ni yóò máa gbé e?

Bàbá Ìní, níbo lo wà? Òwúrọ̀ ló ti gba Sekona lọ. Ó ní òun ń lọ rí ọkùnrin tó ta dígí oòrùn náà fún òun, kó wá bá òun wo bátìrì tó ti ń kú. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ bátìrì fi gba gbogbo ọjọ́? Àbí wọ́n ti mú un? Àbí Sekona ni wọ́n ti mú un, tí wọ́n ní kó júwe ilé, tó sì... Rárá. Bí wọ́n bá mú un, yóò wà pẹ̀lú wọn. Wọn ì bá ti mú un dání. Àbí? Báyìí kọ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Mo gbọ́ pé inú mọ́tò ni wọ́n máa ń fi ẹni sí, wọ́n á ní kó dọ̀bálẹ̀ sí abẹ́ ìjókòó. Ta ló tilẹ̀ sọ ọ́? Mi ò rántí. Ní ayé sọ́jà yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ la máa ń gbọ́, a kì í rántí ẹnu tó ti jáde.

Qúdrát ló kọ́kọ́ dá ẹ̀rù yìí sí mi lára. Qúdrát ilé kejì. Àwàdà ló ń ṣe o, ẹ̀rín ló ń rín, ó fa apá rẹ̀ tó ti jóná mọ́ àyà bó ṣe máa ń ṣe. "Àtinúkẹ́, kí lẹ gbé sórí ilé ìdáná yín yẹn? Wọ́n ní ó lè gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn ọ̀gá sọ́jà ń sọ ní Àbújá." Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Àwọn tó ń pọnmi ni. Wọ́n ní ọkọ rẹ ń tún rédíò ṣe, kí ni atúnrédíòṣe ń fi dígí ṣe lórí òrùlé? Bó bá lè gbọ́ wọn lóòótọ́, jọ̀ọ́, bá mi ní kó bi wọ́n léèrè ìgbà tí owó kẹrosíìnì máa wálẹ̀." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó lọ. Ẹ̀rín náà ò tètè kúrò lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo tún gbójú sókè wo orí ilé ìdáná. Wọ́n ń wá àwọn tó ní rédíò tí ń bú ìjọba — bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bí ẹni tó ń kọjá lọ bá wá rò pé èríàlì ni? Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé fún oníbọn? Màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, oòrùn ló ń fà." Ṣé sọ́jà á gbà pé èèyàn lè fa oòrùn wọ ilé bí omi?

Èmi gan-an ò gbà nígbà náà.

Bíìlì ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Iná ò wá, bíìlì ń wá. Ohun gbogbo ló gbàgbé ọ̀nà ilé wa, àfi bíìlì NẸ́PÀ. Bí ti oṣù kan bá mú wa sunkún, ti oṣù tó tẹ̀ lé e á fi ti ìṣáájú ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn NẸ́PÀ wá gbé àkàbà wá lọ́jọ́ kan. Bàbá Ìní dúró ní ẹsẹ̀ òpó, ó káwọ́ lérí, ó ní, "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, ohun tí kò sí nínú wáyà lẹ fẹ́ gé yìí?" Èyí tó wà lókè ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ tí wọ́n rán wa là ń jẹ́. Ẹ má bínú sí wa." Wọ́n gé e, wọ́n ká wáyà náà bí okùn ewúrẹ́, wọ́n gbé e lọ. Kẹrosíìnì wá di ọlọ́run wa. A ń tò sórí ìlà fún un. Epo tí wọ́n ti lú bẹntiróòlù mọ́ ni Qúdrát rà ní tiẹ̀. Ó ṣáná sí lántánì... Mi ò fẹ́ rántí ohùn yẹn. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí ọwọ́ mi bá kan ìṣáná, màá tún jù ú sílẹ̀. Èéfín ń dúdú nínú imú ọmọ mi. Mo ń fi òwú nù ún láràárọ̀, òwú á jáde bí ẹ̀yìn ìkòkò. Mo sunkún. Gbogbo ara ni mo fi sunkún níwájú ọkọ mi. Ó sì wò mí títí, ó ní, "Má sunkún iná mọ́, Àtinúkẹ́. Oòrùn ò ní mítà. Ta ni yóò gun àkàbà lọ gé wáyà oòrùn?"

Oòrùn ò ní mítà. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀. Mo kọ ọ́ sórí síléètì mi ní kíláàsì àgbà, Tíṣà Afọlábí kà á sókè, gbogbo àwọn ìyá pàtẹ́wọ́.

Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìníolúwa ń wúkọ́ — ikọ́ gbẹ, ikọ́ tó ń gbó bí ajá. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó tún gbóná sí i, àbí ọwọ́ mi ló tutù? Ojú rẹ̀ pọ́n. Omi ń já bọ́ nímú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi wò ó láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, "Eyín ni, ìyàwó. Eyín ló fẹ́ hù. Bí ọkọ rẹ náà ṣe ṣe nìyẹn." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ṣùgbọ́n eyín kì í mú ojú pọ́n. Èéyi ló ń mú ojú pọ́n. Ọmọ kan ní èéyi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ kan tún ní i ní ìsàlẹ̀ odò. Èmi ò pe orúkọ rẹ̀. Mi ò pè é o. Eyín ni. Màmá ti bí ọmọ púpọ̀, wọ́n mọ̀ ju mi lọ. Eyín ni.

Bí ó bá ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni, ǹ bá máa sùn.

Fáànù ń lọ sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé ó dákẹ́, ohùn rẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́, ó ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn. Gbodo ni. Gbodo Màmá ló tún bo ojú dígí. Kò sí bí Bàbá Ìní ò ṣe sọ ọ́. Láti ọjọ́ tó ti gbé dígí yẹn ka orí ilé ìdáná — ibẹ̀ ló rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni wáyà tó dé — ni Màmá ti rí i pé ó tẹ́jú, pé ó ń gbóná, pé adìẹ ò lè dé ibẹ̀. Kíá, wọ́n ti sá gbodo èlùbọ́ wọn sí i. Ọjọ́ kejì, ata. "Màmá, ẹ ń bò ó lójú! Ojú ló fi ń jẹun!" "Ta ni mo bò lójú? Oòrùn tí Ọlọ́run fún gbogbo wa, ṣé ìwọ nìkan lo fẹ́ fi tanná ni? Jẹ́ kí ó bá mi mú gbodo gbẹ díẹ̀." "Màmá, iná á rẹ̀yìn o." "Tó bá rẹ̀yìn, kí a tètè sùn. Kí lẹ ń wò lójú ara yín lálẹ́?" Bàbá Ìní rẹ́rìn-ín, ó ti gbodo náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n pín in, wọ́n ní kí gbodo wà níhìn-ín, kí oòrùn wà lọ́hùn-ún.

Àwa obìnrin! Ẹ̀ṣẹ̀ Màmá nìkan kọ́. Kò sí ibi tó tẹ́jú tó sì gbóná tí a lè rí kí a má sá nǹkan sí. Alajue ńkọ́? Lọ́dọ̀ ìyá mi ní Alajue ni mo bí Ìníolúwa sí, ibẹ̀ ni dìsípẹ́ńsárì tí a ti gba káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn náà ní irú dígí yìí, lórí irin, nínú ọgbà, òun ló ń mú fíríìjì abẹ́rẹ́ tutù. Bí a bá ti dé ibẹ̀ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, tí a ń dúró, ìtẹ́dìí ọmọ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ló máa kún orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Grace á jáde: "Ẹ kó o kúrò! Fíríìjì mi ń kú lọ!" A ó kó o kúrò. Bó bá ti wọlé, a ó tún sá a padà. Ọjọ́ tí Ìyá Kúlúsúmù tiẹ̀ wá... alárọ ni Ìyá Kúlúsúmù, ìdí ìkòkò aró ló ti dìde, ó gbé ìró tutù tó ń kán tótótó lé e lórí. Aró ṣàn lọ sí igun, ó wọ abẹ́ etí dígí níbi tí irin ti gbá a mú. Nọ́ọ̀sì Grace fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi iyanrìn ha á. Kò lọ. Ìyá Kúlúsúmù kúnlẹ̀ ti ẹ̀rín ti ẹ̀rín: "Nọ́ọ̀sì, ẹ má pa mí. Aró Alajue ni, kì í ṣí lára ohun tó bá ti mú." Bí a ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà! Títí a fi di àwọn ọmọ sẹ́yìn lọ ilé...

Irú rẹ̀ ni tiwa. Irú rẹ̀ ni. Gbogbo dígí oòrùn ló jọra, bí gbogbo àgbá omi ṣe jọra. Ilé iṣẹ́ kan ló tú àlòkù sílẹ̀ — ohun tí Bàbá Ìní sọ nìyẹn. Inú ẹní ni wọ́n wé e sí nígbà tí wọ́n gbé e dé. Mo bi í, "Ilé iṣẹ́ wo?" Ó ń tú okùn ẹní, kò wò mí. "Àtinúkẹ́, ṣé iná lo fẹ́ àbí ìtàn?"

Mo ní iná.

Iná ni mo ní mo fẹ́.

Kí ni mò ń rò yìí gan-an? Àwọn tó wà níta ni kí n máa rò. Mo tún lọ sí fèrèsé. N kò rí wọn mọ́... Wọ́n ti lọ? Rárá, òjìji kan nìyẹn, lábẹ́ igi òrónbó Qúdrát. Wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó! Ẹni tó bá jókòó, ó ń dúró deni ni. Bàbá Ìní ni wọ́n ń dúró dè. Á rìn wọlé bí ẹran sínú pàkúté, rédíò àwọn èèyàn á wà lápá rẹ̀, á máa súfèé. Kí n gba ẹ̀yìn jáde, kí n lọ dènà dè é lójú ọ̀nà Sekona? Pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, nínú oòrùn? Kí n fi ọmọ sílẹ̀? Fún ta ni?

Òjò. Ìró wo nìyẹn — ààrá. Ó ṣú ní apá Sekona, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, oòrùn ṣì ń ran ní tiwa níbí. Gbodo o! "Ìyàwó, bí òjò bá ṣú, gbodo o! Bí ẹ bá jẹ́ kí òjò pa gbodo mi, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́." Màmá ò ṣeré lórí gbodo. Ṣùgbọ́n bí mo bá jáde sí ẹ̀yìn, bí mo bá gun àpótí, orí mi á yọ lókè ògiri, àwọn tó wà lábẹ́ òrónbó á rí mi. Wọ́n á ní, àbí ẹ ò rí i, wọ́n wà ńlé. Kí gbodo kú. Kí ó kú! Gbodo kí ni, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ mi?

Fáànù ń fà. Fùù... fùù... Ìníolúwa bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Gbodo kọ́. Fáànù ni. Bí mi ò bá kó gbodo kúrò, fáànù á dákẹ́.

Ó dáa. Ó dáa, mo ń lọ. Mo fi ìrọ̀rí dínà fún ọmọ kó má baà yí bọ́. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, ó tún han bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, olófòófó ilẹ̀kùn. Mo gbé àpótí sẹ́bàá ògiri ilé ìdáná. Mo gùn ún. Agbọ̀n wà lápá mi. Mi ò ní wo ọ̀hún. Mo tẹríba, gbodo nìkan ni mò ń wò, mò ń kó o, mò ń kó o...

Mo wò ó.

Mo wo abẹ́ òrónbó. Oníkákí rí mi. Ó dìde — ó sì juwọ́. Ó juwọ́ sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó nàka sí ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Bátìrì ni. Bátìrì mọ́tò, wọ́n fi àkísà bò ó lórí, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi gbé e wá fara ti igi. Bátìrì ni wọ́n gbé wá. Wọ́n fẹ́ kí a bá wọn fi oòrùn kún un, bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé tiwọn wá láti ọjọ́ yìí. Awakọ̀ ni. Kákí awakọ̀! Áà, Àtinúkẹ́, ẹ̀rù tí kò ní ẹsẹ̀ lo fi rìn jìnnà tó báyìí? Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí. Mo di etí páànù mú kí n má baà ṣubú. Ọlọ́run, ẹ ṣé. Ẹ ṣé o. Kò sí sọ́jà. Kò sẹ́ni tó ń wá ọkọ mi.

Mo juwọ́ padà. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń kó gbodo.

Gbodo tó wà ní igun yìí ti lẹ̀. Kò tíì gbẹ dáadáa nígbà tí wọ́n sá a. Mo ṣí ọ̀kan, ó wá pẹ̀lú èèpá dúdú kan lẹ́yìn. Òmíràn, èèpá dúdú. Kí ni eléyìí? Ọ̀dà ni. Ọ̀dà tí Bàbá Ìní fi kun igun dígí lọ́jọ́ tó gbé e sókè. Mo rántí. Ó di búrọ́ọ̀ṣì kékeré mú, ó ní, "Ìpẹtà ló fẹ́ mú un." Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi nígbà tí mo fẹ́ ju ìkòkò kan nù, pé irú irin funfun yìí kì í dípẹtà láéláé. Ó sì kun igun kan. Igun yòókù ń dán. Igun kan ṣoṣo ló kùn.

Má wò ó. Àtinúkẹ́, kó gbodo rẹ, kí o sọ̀ kalẹ̀.

Mo fi èékánná ha á.

Tíṣà Afọlábí máa ń fi ọ̀pá kan pátákó dúdú, yóò wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ má ka ohun tí ẹ̀ ń fẹ́ kó wà níbẹ̀." Èmi ni mo máa ń ṣe é jù. Bí mo bá ti rí lẹ́tà méjì àkọ́kọ́, màá ti pe ọ̀rọ̀ tó wù mí. Àwọn ìyá á rẹ́rìn-ín. Ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀.

Aró ló wà níbẹ̀.

Ó wọ abẹ́ etí dígí, níbi tí irin ti gbá a mú. Ó rí bí ọwọ́ odò lórí àwòrán ilẹ̀. Ojú ibi tí Nọ́ọ̀sì Grace fi iyanrìn ha ṣì wà, tínrín tínrín, bí ojú abẹ. Mo ti wà níbẹ̀. Ìníolúwa wà lẹ́yìn mi, kò tíì lè gbé orí dúró, èmi náà wà nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Aró Alajue ni. Kì í ṣí lára ohun tó bá ti mú.

Nígbà tí mo padà lọ fún abẹ́rẹ́ èéyi, irin nìkan ló dúró nínú ọgbà. Wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Mo rí i. Mo ní, bóyá wọ́n gbé e wọlé nítorí ìjì. Nọ́ọ̀sì Grace dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò pariwo: "Ẹ máa lọ ilé, ẹ̀yin ìyá. Fíríìjì ti kú. Abẹ́rẹ́ ti gbóná, mi ò lè fi ohun tó ti kú gún ọmọ yín." Gbogbo wa pòṣé. Ìjọba la bú. A bú ìjọba dáadáa lọ́jọ́ náà, a bú wọn délé.

Bàbá Ìní sì ti ní kí n má lọ. "Alajue jìn, owó mọ́tò ti wọ́n. Fi sílẹ̀, bí oṣù bá yí, a ó gbé e lọ sí Òṣogbo." Mo yọ́ lọ ni. Nígbà tí mo dé tí mo sọ fún un pé kò sí abẹ́rẹ́, ó gbé irin tó fi ń jó òjé mọ́ rédíò sílẹ̀. "Ṣebí mo sọ fún ọ pé kí o má lọ." "Kí lo rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?" "Kí ni mo rí?" Ó jáde. Ó dúró sẹ́yìn ilé yìí, ibi tí mo dúró sí yìí gan-an, ó kọjú sí ògiri. Mo rò pé ó ń tọ̀ ni. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ ju ẹni tó ń tọ̀ lọ.

Bóyá kò mọ̀ nígbà tó rà á. Mo lè gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kun igun kan ṣoṣo, ó ti rí ohun tó wà ní igun náà.

Òjò ò tíì dé. Ìkùukùu dúró ní Sekona, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun wá. Oòrùn ń ta sórí dígí, kò sí gbodo kankan lórí rẹ̀ mọ́, ó mọ́ kedere, ojú mi wà nínú rẹ̀, àti òkè. Mo sì ń gbọ́ ohùn kan láti inú ilé. Fáànù ni. Ó ti sọjí. Ó ń lọ soosoo, ohùn rẹ̀ jí pépé, Ìníolúwa sì ti dákẹ́ ẹkún. Atẹ́gùn ti dé ibi tó wà. Ara rẹ̀ á ti máa balẹ̀ díẹ̀.

Atẹ́gùn wo?

Òtútù tó yẹ kó wà nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Òun ló ń fẹ́ sí i lára yìí.

Mo dúró lórí àpótí. Agbọ̀n gbodo wà lápá mi. Awakọ̀ tún juwọ́, ó ń bèèrè bóyá kí àwọn máa bọ̀. Kò mọ nǹkan kan. Mi ò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ó yà mí lẹ́nu bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe kúrò lára mi wẹ́rẹ́, bí ẹ̀rù náà ṣe kó lọ síbòmíràn, tó sì rí ibẹ̀ bí ilé ara rẹ̀. Ẹni tí mò ń bẹ̀rù kì í wọ kákí. Á gba ẹnu ọ̀nà wọlé ní ìrọ̀lẹ́, á máa súfèé, á gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, á ní, "Ìyá Ìní, ọmọ ńkọ́?" Á sì fẹ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù.

Ó bi mí ní ìbéèrè kan níjọ́sí, nígbà tó ń tú okùn ẹní. Mo tètè dáhùn. Mo ka ohun tó wù mí, mi ò ka ohun tó wà níbẹ̀.

Kó dé. Kó kàn dé. Ìtàn ni, Bàbá Ìní. Ìtàn ni mo fẹ́.